Ta Ló Jókòó Sójú Fèrèsé? Ẹ̀kọ́ Lórí Fóònù, Òru àti Oorun Àwọn Ọ̀dọ́langba

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20:7–12

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á ka ibi tí a kọ sókè yìí kí á tó tẹ̀ síwájú. Ìtàn náà kò gùn. Pọ́ọ̀lù wà ní Tíróásì, ọjọ́ kejì ni yóò gbéra ìrìn àjò, ó sì ń bá àwọn ará sọ̀rọ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru. Fìtílà pọ̀ nínú yàrá òkè tí wọ́n wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Yútíkù jókòó sójú fèrèsé, oorun gbé e lọ, ó sì já bọ́ láti òkè kẹta.

Ó tó ìgbà márùn-ún tí mo ti gbọ́ ìwàásù lórí Yútíkù láti ìgbà tí mo ti dé ọgbà yìí, ẹ̀ẹ̀márààrún ni wọ́n sì fi bá ẹni tí ń tòògbé nínú ìpàdé wí. Èmi náà ti wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Kò sí ibi tí Pọ́ọ̀lù ti bá ọmọ náà wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ó gbá a mọ́ra, ó sì fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí Lúùkù sì rí sọ nípa ìdí tí ọmọ náà fi sùn kò ju mẹ́ta lọ: òru ti jìn, fìtílà pọ̀, ojú fèrèsé ló jókòó sí. Ojú yìí ni mo fẹ́ kí á fi wo ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò wa tí wọn kò tíì pé ogún ọdún, tí fóònù ń gba oorun mọ́ lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan wọ ọdún kìíní. Láti ilẹ̀ Yorùbá lọ́hùn-ún ló ti wá sí Òkè Ọya níbí, bí ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ aládùúrà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í pẹ́ dé. Kò tó oṣù mẹ́ta tí nǹkan fi yí padà. Bí a bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, á ti sùn lórí ìkúnlẹ̀. Kò rí kíláàsì agogo mẹ́jọ lọ mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi gbàdúrà. Bí mo bá ṣí ìwé báyìí, oorun ni. Bí gbogbo yàrá bá wá sùn lálẹ́, ojú mi á dá wáí."

Àwọn kan láàárín wa ti ní ayé ló ń ṣe é, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó kàwé. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe kò sàn jù ú lọ. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó sì máa jí gbàdúrà láàárín òru. Ó ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ìdánwò kékeré tí máàkì rẹ̀ máa ń wọnú èyí tí a ń ṣe ní ìparí sáà. Ọmọ náà kọ orúkọ, ó kọ nọ́ńbà, ó kọ ìlà méjì, ó sì sùn lọ. Ìgbà tí wọ́n ń gba ìwé ni wọ́n jí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló wá là mí lójú. Ó ní ọmọ yìí kì í sùn kí agogo mẹ́rin òru tó lù. Dátà òru ló máa ń rà, èyí tí owó rẹ̀ kéré ju ti ọ̀sán lọ, tí í bẹ̀rẹ̀ láti agogo méjìlá, tí í sì parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí mo bi ọmọ náà, kò jiyàn. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ ò bi mí rí, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ti gbàdúrà fún un, mo ti gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ti fi í sínú ààwẹ̀, n kò sì bi í pé agogo mélòó lo ń sùn.

Mo ní kó jẹ́ kí n wo ohun tó ń wò. Kí n má purọ́, ohun ìdọ̀tí ni mo ń retí. Kò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni, àwọn eré apanilẹ́rìn-ín kéékèèké lórí TikTok, olùkọ́ ìṣirò kan lórí YouTube, àti géèmù kan tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ jáde níléèwé girama jọ máa ń ta. Ìbàdàn ni àwọn yẹn wà, àwọn mìíràn wà ní Èkó. Òru nìkan ni gbogbo wọn máa ń pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ilé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ohun tó kù lórí fóònù náà ni ẹgbẹ́ àdúrà wa lórí WhatsApp, níbi tí èmi fúnra mi ti ń fi kókó àdúrà ránṣẹ́ ní agogo méjìlá òru gééré, tí mo sì ń sọ pé kí gbogbo ènìyàn tẹ "Àmín" kí n mọ ẹni tó jí. Ó ní bí òun bá ti tẹ Àmín tán, ibẹ̀ ni òun ti ń bọ́ sínú nǹkan mìíràn.

Ó dára. Èmi náà wà lára àwọn tó gbé fìtílà kún yàrá.

Aago tí Ẹlẹ́dàá fi sínú wa

Nǹkan méjì ló ń mú oorun kun ènìyàn. Èkíní ni ẹrù oorun tí ń gbárajọ nínú ọpọlọ láti ìgbà tí a ti jí. Bí a bá ṣe pẹ́ lójúfò tó ni yóò ṣe wúwo tó. Èkejì ni aago kan nínú ọpọlọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn mọ àkókò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, aago yìí á mú kí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà náà ni ó ń kéde fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́langba ti yàtọ̀ nìyí: bí ọmọ bá ti ń bàlágà, aago yìí á sún sẹ́yìn. Ọmọ tí í sùn ní agogo mẹ́jọ nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lè di agogo mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá kí ara rẹ̀ tó gbà pé alẹ́ ti lẹ́. Ẹrù oorun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pàápàá kì í tètè wúwo lára wọn bí ó ti ń wúwo lára ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mary Carskadon ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí èyí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe agídí. Ìpínlẹ̀ California gbà á gbọ́ débi pé wọ́n ṣe òfin lọ́dún 2019, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022, pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ṣáájú agogo mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀.

Aago ọmọ ti sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò yí ìgbà tí í mọ́ padà, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ agogo mẹ́jọ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà kéde lọ́dún 2016 pé ẹni ọdún mẹ́tàlá sí méjìdínlógún nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ẹni tó gbé fóònù sílẹ̀ ní agogo mẹ́rin, tí àdúrà òwúrọ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo márùn-ún ààbọ̀.

Nígbà náà ni fóònù wá dé sórí gbogbo èyí. Ẹ ó ti gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń lé oorun lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ní òru máa ń dá melatonin dúró, pàápàá èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní jígí ojú kan kí ó sì sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ń bẹ lójú fóònù kò tó gbogbo wàhálà yìí. Ohun tí a ń ṣe lórí rẹ̀ ló tóbi jù: ìjà tí a ń bá ẹni tí a kò mọ̀ jà nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò, géèmù tí ọkàn ń lù kìkì nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí a ń retí kí ẹnì kan dáhùn. Ọkàn tó wà lójú ogun kò lè sùn, bí iná yàrá tilẹ̀ kú.

Wọ́n sì ṣe é kí ó má baà parí. Tẹ́lẹ̀, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní ìsàlẹ̀. Bí o bá dé ibẹ̀, o ní láti tẹ nǹkan kí òmíràn tó ṣí. Lọ́dún 2006, Aza Raskin, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ya bí ẹ̀rọ ṣe ń rí lójú, ṣe ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé bí ìka bá ti ń fà á, òmíràn ń jáde láìdáwọ́dúró. Òun fúnra rẹ̀ ti jáde sọ ní gbangba pé ó dun òun. Ìwé ní orí ìkẹyìn, ìwàásù pàápàá ní àmín (bí ó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé nígbà mìíràn!), ṣùgbọ́n ibi tí ojú ti lè sọ pé "ó tó" ni wọ́n yọ kúrò lórí fóònù.

Nígbà tí lílò di ìdè

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti inú ẹ̀kọ́ yìí jáde kó máa pe gbogbo ẹni tó mú fóònù dání ní ẹrú. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Kimberly Young, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ di ẹrú, àwọn onímọ̀ sì ti ń jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àìsàn géèmù wọlé sínú ìwé àwọn àìsàn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022. Géèmù ni wọ́n dárúkọ. Wọn kò pe lílo íntánẹ́ẹ̀tì lápapọ̀ ní àìsàn. Fún géèmù náà, àmì mẹ́ta ni wọ́n ń wò: kí ènìyàn má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, kí nǹkan náà gba ipò iwájú lọ́wọ́ gbogbo ohun mìíràn láyé rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń rí i pé ó ń ba òun jẹ́. Wọn kì í sábà dájọ́ kí ó tó pé ọdún kan. N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo rò pé àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúlò fún yíyẹ ara ẹni wò, ìbáà ṣe géèmù, ìbáà ṣe TikTok, ìbáà tilẹ̀ ṣe ìwàásù tí a ń wò di agogo mẹ́ta òru.

Ohun kan wà tí àwa tí ń gbani nímọ̀ràn sábà máa ń gbàgbé. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Fóònù ń lé oorun lọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tí oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbé fóònù. Ìrònú owó iléèwé ni, tàbí àárò ilé, tàbí ọ̀fọ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù ni ó ń fi pa òru. Bí o bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, o ti gba ọ̀pá tó fi ń rìn, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti gbé fóònù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí oorun kò sì wá, tàbí tí ó ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà lọ́jọ́ náà. Ẹ gbàdúrà fún un lójú ọ̀nà.

Ẹni tó bá sì rò pé òun lágbára tó láti máa fi oorun dù ara òun, kí ó rántí Randy Gardner. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun náà nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní San Diego ṣe ìdánrawò kan fún ìpàtẹ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, láti December 1963 wọ January 1964. Wákàtí 264 ni kò fi sùn, ìyẹn ọjọ́ mọ́kànlá. Ṣáájú kó tó parí, inú ń bí i láìnídìí, ìṣirò tó rọrùn ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn àbúrò wa kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ gbèsè tiwọn, ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tí a kà lọ́sàn-án síbi tí yóò ti rí i mú. Ẹni tó kàwé títí ilẹ̀ fi mọ́ tí kò sùn ti ro oko, kò sì gbin nǹkan kan sí i.

Ohun tí òfin kò lè ṣe

Korea Gúúsù gbìyànjú òfin. Láti November 2011, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láti agogo méjìlá òru di mẹ́fà òwúrọ̀. Àwọn ọmọ wá ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ òbí wọn wọlé. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni òfin náà sì mú, nígbà tó jẹ́ pé orí fóònù ni gbogbo ayé ń kó lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni wọ́n pa á tì. Mo mú un wá nítorí pé ìgbìmọ̀ wa náà ti fẹ́ ṣe irú rẹ̀: kí á máa gba fóònù àwọn ọdún kìíní ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Mo tako o. Ẹni tí a bá gba ti ọwọ́ rẹ̀ yóò yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwa ni a kọ́kọ́ yí padà. A gbé àdúrà WhatsApp wá sí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, a sì yọ "tẹ Àmín" kúrò. Àwọn kan bínú, wọ́n ní iná ẹgbẹ́ ti ń kú. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ìṣọ́ òru wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù ṣì ń lọ, ọjọ́ Friday ni, àwọn ènìyàn sì lè sùn díẹ̀ lọ́jọ́ Saturday. N kò bá ìṣọ́ òru jà. Èyí tí kò ní orúkọ, tí a ń ṣe lójoojúmọ́ fún TikTok, ni mo ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ fóònù fúnra rẹ̀ ṣòro níbí ju bí ìwé àwọn òyìnbó ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní kí o gbé e sí yàrá mìíràn. Yàrá wo? Àwa mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kan. Wọ́n ní kí o má ṣe é ní òru, nígbà tó jẹ́ pé agogo méjì òru ni iná máa ń dé, tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ ki fóònù àti páwà báǹkì bọ iná. Ohun tí ọmọ yìí àti àwọn ará yàrá rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n gbé àpótí ìfami-iná kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ wo fóònù á dìde, á bọ́ sílẹ̀, á dúró. Ìdúró yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ padà lọ sùn. Dátà òru, wọ́n ṣì ń rà á nítorí owó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń to ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ kí ó máa wọlé fúnra rẹ̀, wọ́n á sì wò ó lọ́sàn-án. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ ní fóònù ni àwọn fi ń jí. Aago ìtanijí oníbátìrì kan ṣoṣo ni wọ́n dáwó rà lọ́jà, ariwo rẹ̀ sì tó jí gbogbo ìlà yàrá yẹn.

Ìgbà ìjí ṣe pàtàkì ju ìgbà ìsùn lọ, ìyẹn ni ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tó bá sùn di agogo méjìlá ọ̀sán Saturday ti gbé aago inú rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Bí Monday bá dé, ó di kí ó tún gbé e padà wálé. Kí o jí ní àkókò kan náà, kí o sì bọ́ sínú oòrùn òwúrọ̀, àní nígbà ọyẹ́ pàápàá, ni ó ń fa aago náà padà síwájú. Ohun mímu inú agolo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lé oorun, ẹ ṣọ́ra fún un: lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Àbúrò yìí kò bọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì yẹn, ó sì ń tún un ṣe lọ́dún yìí. Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ló máa ń sùn báyìí. Àwọn alẹ́ kan wà tí géèmù tún máa ń gbé e lọ, á sì sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní agogo mẹ́wàá alẹ́, wọ́n jọ ń gbàdúrà lórí fóònù, ìyá á sì sọ fún un kó lọ sùn, bí ó ti máa ń sọ fún un nílé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe nígbà tí Yútíkù ṣubú, kí ni kò sì ṣe? Èwo nínú ètò ẹgbẹ́ wa ló ń fi fìtílà kún yàrá lóru? Nínú àmì mẹ́ta tí a mẹ́nu bà, èwo lo rí lára ara rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí? Agogo mélòó ni ẹni tó jókòó tì ọ́ sùn lánàá? Bi í kí ẹ tó dìde.